Èèpo Igi Tí Kúùkù Mú Láìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin alásè tí "kò sí" kì í fẹ́ jáde lẹ́nu yín. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fún ẹlòmíràn kà.

1.

Ní ọdún 1955, ọkùnrin kan wà ní Ìkòsì tó ń jẹ́ Abọ́dúnrìn. Kúùkù ni lọ́dọ̀ ìdílé oníṣòwò ará Íńdíà kan ní Yábàá. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ọbẹ̀ kọ́rì ló sì mọ̀ ọ́n sè jù.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èròjà kọ́rì wá láti ìlú wọn. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, inú ìgò á gbẹ. Abọ́dúnrìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá arọ́pò ní oko Ìkòsì àti lọ́jà Kétu. Ó fi ata ilẹ̀ pupa sọ ọbẹ̀ di àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, ó fi awin dípò èso kíkan wọn, ó fi efinrin dípò ewé wọn, ó sì gún ataare díẹ̀ sí i. Màdáàmù, ìyàwó oníṣòwò náà, tọ́ ọ wò, ó ní kò sí kúùkù bíi tirẹ̀ ní gbogbo Èkó.

Ìyìn yẹn gun orí ọ̀gbẹ́ni lọ. Kò pẹ́ tó fi ń sọ káàkiri pé, "Kò sí ohun tó wà ní Íńdíà tí kò sí nínú igbó bàbá mi."

2.

Ààwẹ̀ ọdún yẹn dé. Báwo ni kúùkù tó ń gbààwẹ̀ ṣe ń mọ̀ bóyá ọbẹ̀ dùn? Àlùfáà ní kò burú bó bá fi ahọ́n kàn án tó sì tu ú dànù. Abọ́dúnrìn kọ̀. Ó fẹ́ kí ààwẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

Bó bá ń dán ọbẹ̀ tuntun wò nílé, Sẹ̀kínátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ààwẹ̀ kò tíì kàn, ló ń tọ́ ọ wò fún un. Ọmọ náà á jókòó sórí àpótí, á dijú, á ní, "Iyọ̀ ló kù, Bàámi." Kì í ṣìṣe. "Ahọ́n mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà.

3.

Màdáàmù ní àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Èèpo igi kan, tó pupa rúsúrúsú tó sì ń ta sánsán, tí wọ́n máa ń fi sínú ọbẹ̀ àlejò, ti tán pátápátá.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé, "Abọ́dúnrìn, fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ á ṣì dùn."

"Màá rí i, Màdáàmù."

Ta ló rán an?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó gba ilé Bàbá Àjíṣafẹ́ kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, ẹni tó máa ń bó èèpo igi. Èèpo kan wà lórí páànù níta, ó pupa rúsúrúsú, oòrùn ti mú kó ká. Bàbá ti lọ sí Àgbóyì lọ wo ìgèrè tó dẹ sódò.

Ní Ìkòsì ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í mú èèpo tí ẹlòmíràn sá láìbéèrè. Bí o bá sì béèrè, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yìí gan-an ni Abọ́dúnrìn ń sá fún. Ó gbà pé bí òun bá dáhùn, àṣírí ọbẹ̀ òun tú, kúùkù mìíràn á sì gbọ́. Ó gbé èèpo náà sí imú, kò ta sánsán rárá. Ó ní bóyá iná ló máa yọ òórùn rẹ̀ jáde. Ó mú ègé méjì sápò, ó bá tirẹ̀ lọ.

4.

Bó ṣe ń gún un nílé, ìyẹ̀fun rẹ̀ ta á nímú, ó sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, jáde sí i.

"Èèpo kí lèyí? Ta ló fún yín?"

"Iṣẹ́ mi ni. Ìwọ ṣáà bá mi koná."

"Ẹ má tíì fún ọmọ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi han Bàbá Àjíṣafẹ́."

"Ṣé kí n máa gbàṣẹ kí n tó se ọbẹ̀ ni?"

Ó se ìkòkò kékeré kan, ó bu ṣíbí kan fún Sẹ̀kínátù. Ọmọ náà dijú.

"Ó korò, Bàámi."

Ó fi ṣúgà sí i. "Tún un tọ́ wò."

"Ó ṣì korò."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ahọ́n mi."

Ọmọ náà gbé e mì, nítorí pé bàbá rẹ̀ ló ní kó gbé e mì. Kò pẹ́ tó fi ní ètè òun ti kú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

5.

Lẹ́yìn ìrun alásàárì ni Bàbá Àjíṣafẹ́ dé, tó rí i pé èèpo òun ti dín. Ẹ̀rù bà á. Ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ẹni tó mú un, títí ó fi gbọ́ igbe Àrìnkẹ́.

"Èmi ni mo mú un, Bàbá."

"Èèpo tí a ń lọ̀ sódò pa ẹja ni. Abọ́dúnrìn, kí ló dé tí o ò dúró dè mí?"

Wọ́n da epo pupa sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n gbé e sáré dé ojú ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, wọ́n ní ó di ọsibítù. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí ọmọ fi dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wọ Ìkòsì, wọ́n ń pe ìrun mọ̀gáríbì, àwọn ará ilé ń gbé omi láti fi ṣínu.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló se ọbẹ̀ náà, láìsí èèpo igi kankan níbẹ̀. Àwọn àlejò jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun kan kù níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fi sínú ìkòkò. Bí èròjà bá tán, ẹ sọ pé ó tán. Ìtìjú rẹ̀ kì í pààyàn. Bí ọmọ kékeré bá sì ní ó korò, ẹ gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ní í pọ́n ara rẹ̀ lójú.