Pélé Ojú Ìyá Ìbídùn
Láàárọ̀ Sátidé, Láoyè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba fíìmù àtijọ́ kiri, kan ilẹ̀kùn Ìbídùn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Ẹ̀dà tuntun fíìmù "Abúlé Orí Òṣùpá" ti wọ gbogbo ilé, òfin sì ni pé kí oníkálukú dá àwo fíìmù ti tẹ́lẹ̀ padà.

"Jókòó ná," ni Ìbídùn wí.

Ó fi ẹ̀dà méjèèjì hàn lára ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ti àtijọ́, ìyá rẹ̀, òṣèré tó ti di olóògbé, ń kó ipa dókítà. Ó gbé ọmọ tó ń kú lọ lọ́wọ́, ó ń kì í, pélé sì hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Nínú tuntun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dán bí dígí, kò sí pélé níbẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí oríkì mọ́.

"Wọ́n kàn tún un ṣe ni, mà," ni Láoyè wí. "Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ta ló sọ fún wọn pé ojú ìyá mi dọ̀tí?"

Láoyè wolẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ ò bá fún mi, mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín ránṣẹ́."

Ìbídùn yọ àwo àtijọ́ náà, ó sì tì í mọ́ inú àpótí.

"Kọ ọ́ dáadáa. Ìbídùn Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́. Kí o kọ orúkọ ìyá mi, Adùnọlá, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n ti yọ ìyẹn náà kúrò níparí fíìmù."

Láoyè kọ orúkọ méjèèjì, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.