Ohun Tí Ògbufọ̀ Mọ̀ Tí Kò Sọ

Àríyíkẹ́, onídìrí ará Ìkirè, ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni, níwájú fèrèsé kẹta ní ọ́fíìsì tí ìlú òkèèrè kan ti ń fúnni ní físà ní Èkó. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni náà fún yín: Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ògbufọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó, tó ń sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá. Kì í purọ́, kì í gba rìbá. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn àga tó jókòó lé ju ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lọ. "Èmi kì í fi tèmi kún ọ̀rọ̀," ni ó máa ń wí, á sì tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

Adégòkè, ọkọ Àríyíkẹ́, ti di ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, ní ìlú òkèèrè náà. Ó wálé wá gbé ìyàwó, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni Àríyíkẹ́ ti ń gbé nílé ọkọ ní Ìkirè, pẹ̀lú ìyá ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti pé ọdún méjì, ojú fóònù nìkan ló sì ti mọ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé fóònù sún mọ́ ọn, á fi ẹnu ko gíláàsì. Físà yìí ni ìyá àtọmọ ń retí kí wọ́n tó lè lọ bá a.

Lọ́jọ́ náà, òyìnbó fèrèsé kẹta wo fọ́tò ìgbéyàwó, ó bi Àríyíkẹ́ ní ìbéèrè mẹ́fà, obìnrin náà sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìkeje ló da nǹkan rú.

"Wọ́n ní kí lorúkọ àwọn àbúrò ọkọ yín?" Oyèníran bi í.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ìyàwó tí a kọ́ nílé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á wá àdàpè tó dùn létí, á sì máa fi kẹ́ ẹ. Bó bá pẹ́, kò ní í rò ó mọ́. Ẹnu á ti mọ̀ ọ́n.

"Akọ̀wé ni èyí àgbà," ni Àríyíkẹ́ dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbàdíàrán ló tẹ̀ lé e. Eyínfúnjowó wá ni àbíkẹ́yìn. Hẹn, ọmọ yẹn ò lè panu dé!"

Oyèníran ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún òyìnbó bó ṣe gbọ́ wọn. Òyìnbó wo fọ́ọ̀mù. Adéwùyì, Adébọ́lá àti Adéṣẹwà ni ọkọ kọ síbẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú orúkọ tí obìnrin yìí dá nínú ìwé.

Oyèníran mọ̀. Mo tún un wí: ó mọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó ń pe òun fúnra rẹ̀ ní Akọ̀wé láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi là á yé òyìnbó. Ó dé etí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Nígbà tí Oyèníran tú èyí fún un, Àríyíkẹ́ sún mọ́ fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn. Ọmọ Yorùbá kúkú ni yín."

"Màdáàmù, ohun tí wọ́n bi yín ni kẹ́ ẹ dáhùn."

Àríyíkẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀, ó sì dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń jẹ èèwọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Òyìnbó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èsì méjì ló fún ìbéèrè kan, pé kò mọ ẹbí ọkọ, pé ìgbéyàwó náà kì í ṣe òótọ́, kò sì fún wọn ní físà. Oyèníran ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá tó já gaara. Kò fi tirẹ̀ kún un.

Nígbà ọdún Àjíǹde, Oyèníran lọ sílé ní Ìwó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. "Akọ̀wé mi, ẹ káàbọ̀ o!" Oyèníran ń bọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́tirí? Àbí òyìnbó ti sọ yín dẹni ńlá, tẹ́ ẹ ò fi jẹ́ orúkọ tí mo sọ yín mọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Oyèníran wọ yàrá lọ, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Ní Ìkirè, ọmọ Àríyíkẹ́ ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí. Bí wọ́n bá gbé fóònù fún un, ńṣe ló ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó mọ òótọ́ tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ aláìṣẹ̀ jẹ, òun náà wà lára àwọn tó rẹ́ ẹ jẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ wọ́ lójú Oyèníran, táì ló ń tún ṣe.

Nínú oṣù Agẹmọ tó kọjá, Àríyíkẹ́ ní kí tíṣà kan bá òun kọ létà sí ògbufọ̀ fèrèsé kẹta. Kò gùn. "Ẹ̀gbọ́n, n kò bẹ̀ yín fún físà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ mọ ìdí tí mo fi pe àwọn àbúrò ọkọ mi bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i."

Létà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ Oyèníran. Kò tíì fèsì.