Ọjọ́bọ̀ Mẹ́ta ní Ìbàfò

Ní ọdún 2006, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Mọ́láyọ̀ ń lọ ní Mowé pé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfò ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti lé lógójì, wọ́n á wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀, wọ́n á yẹ ọmú obìnrin wò. Ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Mọ́láyọ̀ gbé ìròyìn náà wálé fún ọkọ rẹ̀.

Ìyàndá, jórinjórin ọmọ Ìkìrun, kò gbójú kúrò nínú oúnjẹ.

“Ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri, àìsàn ò ní pẹ́ dá a lóhùn,” ó ní. “Ìwọ máa lọ. Ara tèmi le.”

“Ara ẹ̀gbọ́n yín náà le, kó tó ṣubú sí ṣọ́ọ̀bù ní Ajuwọn.”

Ìyàndá ti àwo sẹ́yìn. Ó ní òun ò gbọdọ̀ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù nínú ilé òun mọ́ láé. Mọ́láyọ̀ kó àwo. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó da kẹrosíìnì sórí àwọn èèrà tó ṣù bo ìdí ògiri ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń tọ̀ sí. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé Ìyàndá ń jowú. Ó ti gbé òòlù tẹ̀lé atúnfíríìjì kan dé etí márosẹ̀ rí, torí pé ọkùnrin náà bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Mọ́láyọ̀. Ìyá Monísọ́lá tí wọ́n jọ ń gbélé máa ń sọ pé bí akọ eṣinṣin bá bà lé Mọ́láyọ̀, Ìyàndá á bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Mọ́láyọ̀ wọ aṣọ búlúù tó ń tọ́jú de ọdún Àjíǹde. Ó fọ́n lọ́fínńdà títí òórùn rẹ̀ fi dé ìdí iṣẹ́ Ìyàndá. Ọ̀sán ló tó dé. Ìyàndá bi í pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò.

“Adébánjí lorúkọ ẹ̀,” Mọ́láyọ̀ ní. “Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀.”

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tún lọ. Ó ní wọ́n ní kóun padà wá ni. Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ ti ń dún ní ìrọ̀lẹ́. Á gbé e jáde síta, á lọ dúró gẹ́lẹ́ sábẹ́ fèrèsé yàrá, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyàndá nínú yàrá gbọ́ ọ: “Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá. Ó dá mi lójú.”

Oúnjẹ ò wọ Ìyàndá lẹ́nu mọ́. Omi ló ń mu ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, orí ń fọ́ ọ. Ó jó ìlẹ̀kùn géètì oníbàárà kan pọ̀ ní ìdàkejì. Lójú tirẹ̀, Adébánjí ló kó àìsàn bá òun. Àmọ́ kò bá ìyàwó rẹ̀ wí. Ọdẹ tó fẹ́ pẹran kì í wúkọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, Mọ́láyọ̀ jáde láago mẹ́sàn-án. Ọ̀kadà ló máa ń gùn, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì láti tún gèlè rẹ̀ wé, kò sì wẹ̀yìn. Ìyàndá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fa fìlà bojú, òòlù kékeré wà nínú àpò rẹ̀. Ní ibùdókọ̀, Mọ́láyọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá. Ìgbà tí Ìyàndá sá pamọ́ sẹ́yìn oníbúrẹ́dì tán ló wọ ẹ̀kẹta. Ìyàndá wọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ń to èèyàn.

“Ogójì ọdún, apá ọ̀tún. Àádọ́ta sókè, apá òsì. Bàbá, kí lẹ wá ṣe?”

Ìyàndá ní òun wá ṣàyẹ̀wò ni. Ó ní Sámúẹ́lì lòun ń jẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì apá òsì, torí ibẹ̀ ló kọjú sí fèrèsé yàrá àyẹ̀wò. Ó rí ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó ń wé rọ́bà dúdú mọ́ apá Mọ́láyọ̀. Mọ́láyọ̀ sọ nǹkan sí i létí. Ọmọkùnrin náà wo ìta, ó rẹ́rìn-ín. Ìyàndá ti ọwọ́ bọ àpò, ó di òòlù mú. Ó pinnu pé tó bá kan òun, òun á fọ́ ọ lórí.

Ó kàn án. Mọ́láyọ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Adébánjí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i, ó ní kó na apá. Apá òsì ló nà. Rọ́bà náà wú, ó fún un mọ́ra. Adébánjí wo aago ìfúnpá náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kó na apá ọ̀tún. Ìyàndá fà á yọ nínú àpò, òòlù sì já bọ́ sílẹ̀. Adébánjí gbé e sórí tábìlì. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un níka.

“Bàbá, ẹ ò ní padà sílé lónìí,” ó ní. “Ìfúnpá yín ti lé ní igba. Ṣúgà yín ò ṣe é dákẹ́ sí. Mọ́tò ń bọ̀ wá gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, gbígbé ni wọn ì bá gbé yín wá.”

Ìyàndá ò gbọ́ èyíkéyìí níbẹ̀.

“Kí ló wà láàárín ìwọ àti ìyàwó mi?”

Adébánjí ṣí ìwé orúkọ sẹ́yìn, ó yí i sí i.

Lójú ewé Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Mọ́láyọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: “Ìyàndá Ògúnlàdé, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ẹ wo ṣúgà ẹ̀ dáadáa, kò ní gbà tí mo bá ní kó wá, àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, á tẹ̀ lé mi wá.”