Ìyá Àgbà Fòfin De Pàṣán

Nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn ìyá Yorùbá ní Enugu, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kí Ìyá Àgbà.

Kò sẹ́ni tó mojú ẹ̀. Ìmọ̀ràn ẹ̀ lórí ọmọ títọ́ ni wọ́n mọ̀.

Ti òní rèé: "Ẹran ńlá kì í sọ ọmọ dolè. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ dá lọ sọ́jà Ogbete."

"Ẹ ṣé, mà!" gba gbogbo ojú fóònù.

Ni Súnmọ́lá, ìyá kan ní àdúgbò Gáríkì l'Enugu níbẹ̀, bá béèrè: "Mà, ọmọ mi fọ́ abọ́. Ṣé kí n nà án?"

Ìyá Àgbà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ má nà án o! Abọ́ aláwọ̀ ewé yẹn ti sán tẹ́lẹ̀."



Súnmọ́lá fèsì: "Ẹ ṣé, mà. Mi ò dárúkọ àwọ̀ kankan o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí ẹ gbé fóònù bàbá yín wá bá mi ní kíṣìnnì."