Tẹ́júọlá àti Ẹ̀bùn Tí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbá Dànù

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti rí ẹni tí ire ń bọ̀ wá bá, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a dànù rí? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Tẹ́júọlá. Inú fùfù ni àléébù rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ a máa ṣáájú ọpọlọ náà dé ibi gbogbo.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti kú, Bọ́sẹ̀dé ìyá rẹ̀ sì ń fọ epo pupa. Bí Tẹ́júọlá bá ń sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn tíṣà a dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí inú bá sì bí i, ọmọ ẹlòmíràn a sunkún. Ó gbá Peace létí nídìí ẹ̀rọ omi nítorí korobá, etí ọmọ náà ṣẹ̀jẹ̀. Ó na ọmọ kíláàsì kìíní kan títí igi fi kán mọ́ ọn lára.

Ìyá rẹ̀ pè é. "Tẹ́jú, ọwọ́ rẹ yìí á gbé mi dé ibi tí mi ò fẹ́ dé."

"Màámi, àwọn ni wọ́n ń tọ́ mi níjà o."

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá tọ́ ọ lo máa pa ni?"

Tẹ́júọlá rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sídìí epo. Bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ẹlòmíràn ló yẹ kó bá a gbẹ́ ẹ.

Ní ọdún tó máa jáde, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn gbé ìdíje àròkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ kalẹ̀ lórí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, wọn yóò rán an ní yunifásítì títí yóò fi jáde. Fún ọmọ opó tó ń fọ epo, ilẹ̀kùn mìíràn ò sí.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn ìlú kún. Tẹ́júọlá dìde, ó ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà yéé fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú ọ̀rọ̀. Àtẹ́wọ́ fẹ́ẹ̀ ṣí òrùlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Faith, ọmọ Ìrèsì, àlejò kan ṣoṣo tí wọ́n pè sí ìdíje náà, sọ tirẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà kan nu ojú. Inú Tẹ́júọlá bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo lórí iná.

Kí wọ́n tó ka èsì, Bàbá Hezekiah, alága ìdíje, na ọwọ́ sí Faith. "Máa bọ̀ níbí, ọmọ mi." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un lómi, ó mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í dá ọmọ ilé lọ́lá kó tó kí àlejò. Tẹ́júọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé wọn, ẹran àlejò ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ẹ̀kọ́ ilé.

"Wọ́n ti gbé ẹ̀bùn náà fún un!" ni Tẹ́júọlá ké.

Kọ́lájọ, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fà á láṣọ. "Jókòó jàre. Àlejò ni wọ́n ń kí."

"Ìwọ náà ti di ọmọ Ìrèsì?" Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́nu, ètè ọmọkùnrin náà là.

Nígbà tí Faith jáde lọ bọ́jú lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Tẹ́júọlá tẹ̀ lé e.

"Olè! Ó kúrò ní Ìrèsì, ó wá gba tiwa!"

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì pe ẹnikẹ́ni o." Ẹ̀rín ìyàlẹ́nu bọ́ lẹ́nu Faith.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Tẹ́júọlá fa ọ̀pá àsíá kan tu lẹ́nu ọ̀nà. Faith fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Ọ̀pá balẹ̀, egungun ọwọ́ dún. Ó tún là á mọ́ ọn, ó tún là á mọ́ ọn. Ọmọ náà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ta sára funfun àsíá Nàìjíríà. Ó ti gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kẹrin nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké nínú gbọ̀ngàn:

"Ipò kìíní, Tẹ́júọlá Bámgbóyè!"

Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Àwọn tó sin Faith wá gbọ́ igbe, wọ́n ya bo Tẹ́júọlá. Bẹ́líìtì, òkúta, bàtà. Eyín iwájú méjì jáde lẹ́nu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtẹ́wọ́. Kọ́lájọ tí ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ló dùbúlẹ̀ lé e lórí, òun ni wọn ò fi pa á. Ọlọ́pàá gbé e lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ lé e. Ẹ̀bùn náà bọ́ sọ́wọ́ Faith tó ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lára ọwọ́ tó fi kọ àròkọ ò ká mọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Bọ́sẹ̀dé ò sunkún. "Tẹ́jú, ṣé o ti ṣe tán báyìí?"

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Tí mo bá jáde níhìn-ín, mo máa lọ bá ìyá Faith. Mo máa fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe."

Wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú dè é mọ́lẹ̀. Ó ń da iná sábẹ́ ìkòkò epo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọjá lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí ìbínú bá ń darí kì í dúró gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀ sí ire. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lórí pèpéle. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ni orílẹ̀-èdè rẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rẹ́rìn-ín sí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ nígbà tó ṣì kéré, nítorí Ọlọ́run yóò bi wá léèrè. Òótọ́ ni pé ẹ̀bẹ̀ kì í to egungun tó ti ṣẹ́, síbẹ̀ ẹni tó ṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù márùn-ún tí wọ́n tú u sílẹ̀, Tẹ́júọlá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrèsì, ó kúnlẹ̀ lójúde ìyá Faith lójú gbogbo aládùúgbò, ó la ẹnu tí kò léyín níwájú, ó sì sọ ohun tí ó ṣe fún Faith.