Ẹ Jókòó Tì Mí Díẹ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé ni màmá náà máa ń dé. Yóò nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò kí gbogbo ilé, yóò lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù níbẹ̀ sọ ọ́ ní Màmá Aago Mẹ́rin. Onígéèmù, ọkùnrin apárí tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le nídìí géèmù tó ti màmá yìí rí.

Géèmù kan ṣoṣo ni màmá ń gbá, ọ̀kan tó ń dẹ́rù ba àgbà. Ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti pa tì ni, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá kọ́kọ́rọ́ márùn-ún kó tó lè jáde. Aṣọ́lé kan wà nínú ilé náà tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ kiri. Bó bá mú èèyàn, yóò rọra sọ pé, “Ẹ má sá mọ́. Ẹ jókòó tì mí díẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú ẹ̀rọ yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó parí nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni màmá ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò tíì rí kọ́kọ́rọ́ kan he.

“Mọ́mì, ẹ máa sáré,” ni onígéèmù máa ń sọ. “Bọ́tìnnì apá òsì yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbé eré mọ́, ọmọ mi.”

“Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń sá níbẹ̀, Mọ́mì. Ìka yín ni.”

Màmá yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rìn tààrà bọ́ sọ́wọ́ aṣọ́lé. Á ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, á sì ti di ojú pinpin. Onígéèmù gbà pé ẹ̀rù ló ń bà á, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé yìí ti wọ onígéèmù fúnra rẹ̀ lára. Àwọn tó ṣe géèmù náà kò sọ ìdí tó fi ń lé èèyàn, wọn kò sì sọ ibi tí ayé òun alára parí sí. Ó ti ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ nípa rẹ̀ sórí ayélujára, ó ti bá àwọn tí kò mọ̀ rí jà lórí rẹ̀.

“Wọ́n lé e níṣẹ́ ni,” ó wí fún màmá lọ́jọ́ kan. “Ẹ̀san ló ń gbà.”

“Ẹni tó ń gbẹ̀san ò ní bẹ èèyàn pé kó jókòó.”

“Yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe. Ẹ wo bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa.”

“Ẹ̀kọ́ ilé ló ní,” ni màmá wí. “Ó dá wà, ara rẹ̀ ò sì gbà á. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sá fún un.”

Màmá nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù. “Ṣé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ni?”

“Ìyẹn nìkan ni, Mọ́mì. Àmọ́ wọ́n ń ṣe tuntun bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní á sọ tẹnu ẹ̀ níbẹ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

Màmá gbé pádì tó fi ń darí géèmù sílẹ̀. “Òun fúnra rẹ̀?”

“Ta ni ì bá tún sọ ọ́?”

Màmá béèrè ọjọ́ tí yóò jáde gan-an, ó sì tún ọjọ́ náà sọ kó má baà gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí tuntun jáde, ẹ̀rọ kẹrin ni onígéèmù kọ́kọ́ gbé e sí. Ó pa ti àtijọ́ rẹ́ lórí ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àyè lè gbà á. Nítorí màmá, ó kó kọ́kọ́rọ́ márààrún jọ, ó gbọ́ ìdáhùn tó ti ń wá láti ọdún tó kọjá, ó sì dá géèmù padà sẹ́nu ilẹ̀kùn ìkẹyìn kí màmá lè ṣí i fúnra rẹ̀.

Aago mẹ́ta ni màmá dé lọ́jọ́ náà. Aṣọ tó dára ló wọ̀, ó sì ti fi pàùdà sójú.

“Aago mẹ́rin ò tíì lù o, Mọ́mì.”

“Mo mọ̀.”

Ó fi ẹ̀rọ bo etí, ó bọ́ awò, ó di ojú, ó tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀kùn ṣí. Aṣọ́lé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ bí àìsàn ṣe tú ilé náà ká, bí wọ́n ṣe kó gbogbo èèyàn lọ tí wọ́n ní kó dúró de àwọn, tí ẹnì kankan kò padà, títí ó fi kú sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń retí wọn. Onígéèmù ń wo ojú màmá, ó ń retí kó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin lẹ jàre, Mọ́mì,” ó wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù.”

Màmá ti la ojú. “Ta nìyí?”

“Aṣọ́lé ni.”

“Òun kọ́.”

“Òun náà ni. Wọ́n kàn wá ẹlòmíràn tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ aṣọ́lé ni. Èyí gan-an dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Jọ̀wọ́, dá ti tẹ́lẹ̀ padà fún mi.”

“Mo ti pa á rẹ́, Mọ́mì. Àwọn tó ṣe é náà ti kó o nílẹ̀, kò síbi tí èèyàn ti lè rí i mọ́.” Ó rí omi lójú rẹ̀. “Ẹ má jẹ́ kó dùn yín tó báyìí. Ohùn inú géèmù lásán ni.”

Màmá yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó sì sọ pé, “Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọdún méjì rèé tí mo ti sin ín, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.”