Ọmọ Orogún

Ìyálé gbé ọmọ orogún rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi ṣíbí bu omi tó fi iyọ̀ àti ṣúgà pò sí i lẹ́nu. Ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ ọmọ náà. Irú àìsàn yìí ló pa ọmọ tirẹ̀ ní ọdún tó kọjá, tí Àsíátù, orogún rẹ̀, fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àbíkú ló bí.

Àsíátù sáré wọlé láti ọjà Ìtòkú. “Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ̀san lára ọmọ mi!”

“Jókòó jẹ́ẹ́.”

Nígbà tó yá, ọmọ lajú. Àsíátù kúnlẹ̀. “Ọlọ́hun á san yín lẹ́san.”

“Má dúpẹ́. Alhájì, ọkọ wa, ti gbà pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yìí yóò máa gbé. Èmi ni n ó kọ́ ọ ní Fátíhà.”

Àsíátù na ọwọ́ láti gbà á. Ọmọ náà di ìró ìyálé mú. “Màámi,” ló pè é.

Ìyálé wo ojú Àsíátù, ó sì rẹ́rìn-ín.